Kòtò fọ́ táyà yín ní Ìlú Ọba: bí ẹ ṣe lè gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ káńsù

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Ìlú Ọba ló ti kọ̀wé sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, pé kòtò ojú títì fọ́ táyà àwọn, tí wọ́n sì gba èsì kan náà: ó dùn wá pé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí yín, ṣùgbọ́n a ti yẹ ọ̀nà náà wò gẹ́gẹ́ bí ètò wa, abala 58 òfin Highways Act ti ọdún 1980 sì gbà wá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń káwọ́ kúrò. Àwa tí a ti ilé wá tilẹ̀ máa ń tètè káwọ́ ju àwọn onílẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wakọ̀ láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ kò rí i rí kí ìjọba san owó táyà fún ẹnikẹ́ni.

Èsì yẹn kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Abala 41 òfin náà ló gbé ìtọ́jú ojú ọ̀nà lé àwọn aláṣẹ lọ́rùn. Abala 58 fún wọn láyè láti wí pé àwọn ti ṣe ìwọ̀n ìṣọ́ra tó tọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Nítorí náà, ohun tó ń dá ẹjọ́ kòtò ni ohun tí káńsù mọ̀ nípa rẹ̀ àti ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n, tàbí ìgbà tó yẹ kí ó ti mọ̀. Ẹni tó bá bèèrè owó láìwá ìdáhùn sí ìbéèrè méjì yìí ń ta ọfà sínú òkùnkùn.

Òfin England àti Wales ni mo ń tẹ̀ lé níhìn-ín. Ti Scotland àti Northern Ireland yàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ fi abala tí mo dárúkọ wọ̀nyí kọ lẹ́tà.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tó ń ya fọ́tò, tí ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ tọ̀nà.
- Rúlà tàbí téèpù ìwọ̀n. Bí kò bá sí, ẹyọ owó £1 méjì tó.
- Ìwé MOT, ìyẹn ti àyẹ̀wò ọdọọdún ọkọ̀, àti ìwé ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ náà.
- Rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ ná, títí kan owó ọkọ̀ agbérù tó wọ́ ọkọ̀ yín.
- Fáìlì kan ṣoṣo, lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ìwé yóò máa wọ̀.
- Sùúrù, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí lè gba oṣù púpọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ má ṣe fi ìtọ́sọ́nà yìí dá ṣe é. Ẹ wá agbẹjọ́rò, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́: ọdún 3 ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìfarapa, nígbà tí ẹjọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní ọdún 6.

Ìpele 1: Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí wọ́n tó dí kòtò náà

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ẹ tan àwọn iná ìkìlọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí mọ́tòwéè ni ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe padà lọ síbi kòtò náà rárá. Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn irin ìdènà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára òpó kékeré tó súnmọ́ yín jù sílẹ̀, nítorí òun ni yóò sọ ibi tí ẹ wà gan-an. Ríìmù kò tó nǹkan tí ènìyàn ń kú sí.

Lórí títì àárín ìlú, oríṣi fọ́tò mẹ́ta ni ẹ nílò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ yà láti òkèèrè, tó fi kòtò náà hàn pẹ̀lú ilé, ìsọ̀ tàbí òpó iná tó wà níbẹ̀. Òpó iná máa ń ní nọ́ńbà lára, ẹ ya nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú. Ìkejì ni ti ìtòsí, pẹ̀lú ìwọ̀n: ẹ gbé igi tó tọ́ sórí ẹnu kòtò láti etí kan dé èkejì, ẹ fi rúlà dúró láti ìsàlẹ̀ kòtò dé abẹ́ igi náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà ara rúlà lè hàn. Ẹ wọn ìbú àti gígùn rẹ̀ náà. Ìkẹta ni ti ọkọ̀, táyà tàbí ríìmù tó bàjẹ́, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀ yín.

Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń lo mílímítà 40 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí kòtò ojú títì gbọ́dọ̀ jìn dé kí wọ́n tó kà á sí ohun tí wọn yóò tún ṣe. Iye yìí kò sí nínú òfin. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń yan tirẹ̀. Bí ẹ kò bá ní rúlà, ẹyọ £1 kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 23, nítorí náà bí ẹyọ méjì tí ẹ tò lé ara wọn lóròó kò bá yọrí ní ẹnu kòtò, ìwọ̀n yẹn ti kọjá 40. Bí omi òjò bá kún inú rẹ̀, igi tín-ín-rín tí ẹ sàmì sí lára yóò ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ padà wá nígbà tó bá gbẹ.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà jù lọ nìyí: wọ́n ń ya ọkọ̀, wọn kì í ya kòtò. Èmi náà ṣe é. Fọ́tò ríìmù tó tẹ̀ nìkan ni mo ní. Nígbà tí mo máa fi padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀dà tuntun ni mo bá, ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà nínú ọkọ̀, ẹ yọ àwòrán náà pamọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ó máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí fúnra rẹ̀.

Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò báyìí: ẹ fi àwọn fọ́tò náà han ẹnì kan tí kò mọ àdúgbò yẹn. Bí ó bá lè fi wọ́n wá kòtò náà rí, tí ó sì lè sọ bí ó ṣe jìn tó láìbi yín léèrè, ẹ̀rí yín pé.

Ìpele 2: Ẹ mọ ẹni tó ni ọ̀nà náà

Lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ni ọ̀nà kì í sábà gba èsì mìíràn ju pé kí ẹ lọ wá ẹni tó ni ín. Ní England, National Highways, tí a ń pè ní Highways England kí ó tó di ọdún 2021, ló ń tọ́jú mọ́tòwéè àti àwọn òpópónà tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tó ṣe pàtàkì jù. Ìjọba Wales ló ni irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní London, àwọn ọ̀nà tí ìlà pupa wà létí wọn jẹ́ ti Transport for London. Ìyókù jẹ́ ti káńsù.

Ṣùgbọ́n káńsù wo? Ní agbègbè tó ní káńsù méjì, ti kékeré àti ti county, ìyẹn ti agbègbè ńlá tó yí i ká, ti county ló ni títì. Ẹni tó ń gbé ní Dartford ń rí Dartford Borough Council tó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀, ó sì rò pé àwọn náà ló ni kòtò. Kent County Council ni ó yẹ kó kọ̀wé sí. Ẹni tó kọjá odò sí Thurrock kò ní irú wàhálà yìí, nítorí pé káńsù kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ní Southwark, òpópónà kékeré inú Peckham jẹ́ ti Southwark Council, ṣùgbọ́n Old Kent Road jẹ́ ti Transport for London. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kò sí lára èyí rárá. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ni ẹ máa bá sọ ọ́.

Bí kòtò náà bá wà lórí ibi tí ilé iṣẹ́ omi tàbí gáàsì ti gbẹ́ ilẹ̀ láìpẹ́ tí wọn kò sì dí i dáadáa, ẹ ya àlà ibi tí wọ́n gbẹ́ náà sínú fọ́tò, nítorí pé ọ̀rọ̀ lè padà di tiwọn.

Àmì pé ẹ ti rí ẹni tó ni ọ̀nà: ẹ fi póósítì-kóòdù ibẹ̀ sójú ìwé GOV.UK, ìkànnì ìjọba, tí a fi ń jábọ̀ kòtò, kí ẹ wò ó bóyá káńsù tó gbé yín lọ bá ti inú ọkàn yín mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ pe káńsù náà kí ẹ bèèrè orúkọ aláṣẹ ọ̀nà yẹn.

Ìpele 3: Ẹ fi kòtò náà sùn, kí ẹ sì wo ẹni tó ti fi sùn ṣáájú yín

Ẹ jábọ̀ kòtò lórí ojú ìwé aláṣẹ náà, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ìjábọ̀ tí wọ́n fún yín. Ìjábọ̀ yìí kì í ṣe ìbéèrè owó, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Wọn yóò dí kòtò, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ bí ẹ kò bá bèèrè. Bákan náà, ìjábọ̀ tiyín kò fi hàn pé káńsù mọ̀ kí ọkọ̀ yín tó kó sínú rẹ̀. Ìjábọ̀ ẹlòmíràn, tó ti ṣáájú tiyín, ló lè fi ìyẹn hàn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ sí FixMyStreet, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jábọ̀ kòtò ní gbangba tí ọjọ́ sì wà lára ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá orúkọ títì náà. Bí ẹnì kan bá ti kígbe kòtò yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ ya ojú ìwé náà pamọ́, nítorí ó tó ẹ̀rí. Ẹ tún wo Google Street View: àwòrán ibẹ̀ ní oṣù àti ọdún lára, ẹ sì lè rí i pé ibi tó bàjẹ́ ti sán, tàbí pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ìpele yìí ti parí nígbà tí nọ́ńbà ìjábọ̀ bá wà nínú fáìlì yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á, yálà ẹ rí ìjábọ̀ àtijọ́ tàbí ẹ kò rí.

Ìpele 4: Ẹ tún ọkọ̀ ṣe

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ gáréèjì méjì bí àtúnṣe náà bá wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó bàjẹ́ bá ìkọlù kòtò mu. Ẹ béèrè táyà àtijọ́ padà, pàápàá bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Wọn yóò wo bí táyà yín ti rí ṣáájú. Òfin ní kí ìjìnlẹ̀ ojú táyà má dín sí mílímítà 1.6, bí tiyín bá sì ti jẹ dé ibẹ̀, ẹnu yín ti há. Táyà tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ pàápàá lè jẹ́ kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó. Ní ìdàkejì, ìtàn MOT ọkọ̀ yín, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, lè ràn yín lọ́wọ́: bí àyẹ̀wò tó kẹ́yìn kò bá rí àléébù lára táyà àti irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti wí pé ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìnṣọ́ráǹsì ńkọ́? Ẹ ṣírò kí ẹ tó lọ síbẹ̀. Owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè ju owó táyà lọ, ẹ sì lè pàdánù ẹ̀dínwó ọdún tí ẹ kò bèèrè nǹkan kan.

Bí gbogbo iye tó wà nínú rìsíìtì bá bá iye tí ẹ fẹ́ bèèrè dọ́gba, láìsí ẹyọ owó kan tí kò ní ìwé, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìpele 5: Ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò ọ̀nà

Ìpele tí wọ́n ń fò nìyí, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń mú kí lẹ́tà kan yàtọ̀ sí òmíràn. Òfin Freedom of Information Act ti ọdún 2000 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ káńsù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí ẹ má fi sínú lẹ́tà owó.

Ẹ dárúkọ títì náà, ẹ sọ láti ilé wo dé ilé wo, kí ẹ sì bèèrè nǹkan wọ̀nyí fún oṣù 12 tó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bàjẹ́:

1. Iye ìgbà tí ètò káńsù ní kí wọ́n máa yẹ ọ̀nà yẹn wò.
2. Ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní tòótọ́, àti bóyá ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rìn tàbí ó wà nínú ọkọ̀.
3. Gbogbo àléébù tí wọ́n kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.
4. Gbogbo ìjábọ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ ará ìlú, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.
5. Àtúnṣe tí wọ́n pàṣẹ, ọjọ́ tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.
6. Ìwé ìlànà tó sọ ìwọ̀n kòtò tí wọn yóò tún ṣe àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi ṣe é.

Ẹ má ṣe bèèrè fún gbogbo àdúgbò tàbí fún ọdún mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ àtiwá ìwé náà bá máa ju wákàtí 18 lọ, òfin fún káńsù láyè láti kọ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 20 bá kọjá láìsí èsì, ẹ ní kí káńsù fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò; lẹ́yìn èyí, Information Commissioner's Office, ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin yìí, ni ẹ máa lọ bá.

Nígbà tí ìwé bá dé, ẹ má kà á bí ìwé ìròyìn. Ẹ fa ìlà kan sórí tákàdá, kí ẹ to gbogbo ọjọ́ lé e láti àtijọ́ dé ọjọ́ tí táyà fọ́, kí ẹ wá àlàfo. Bí ètò bá ní kí wọ́n yẹ ọ̀nà wò lóṣooṣù, tí ọjọ́ 70 sì wà láàárín àyẹ̀wò méjì, àlàfo nìyẹn. Bí ìyá àgbà kan bá ti pè ní oṣù kejì, tí ìlànà ní kí wọ́n wá láàárín ọjọ́ 5, tí wọn kò wá títí di oṣù kẹta, àlàfo tó tóbi jù nìyẹn. Bí olùyẹ̀wò bá kọ mílímítà 35 sílẹ̀, tí rúlà yín sì fi 60 hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bèèrè bí kòtò ṣe ń dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà lè mọ́ tónítóní, kí gbogbo àyẹ̀wò bọ́ sí àkókò, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì jábọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ jáwọ́, kí ẹ fi wákàtí yín ṣe nǹkan mìíràn, nítorí abala 58 yóò gbà wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀rí pé ẹ ti ka ìwé náà dáadáa ni pé ẹ lè sọ àlàfo káńsù ní gbólóhùn kan tó ní ọjọ́ méjì nínú.

Ìpele 6: Ẹ kọ ìbéèrè owó

Ọ̀pọ̀ aláṣẹ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ so lẹ́tà mọ́ ọn. Kí lẹ́tà náà tò báyìí: ọjọ́, aago àti ibi, ìwọ̀n kòtò, ohun tó bàjẹ́ àti iye rẹ̀, gbólóhùn pé lábẹ́ abala 41 ó jẹ́ ojúṣe wọn láti tọ́jú ọ̀nà náà, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn àlàfo tí ẹ rí ní ìpele 5. Ẹ to ìwé mọ́ ọn pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì.

Ẹ sọ iye eré tí ẹ ń sá ní òtítọ́, àti iye tí òfin gbà níbẹ̀. Irọ́ tí ẹ bá pa níbí lè tẹ̀ lé yín dé kóòtù. Ẹ má bú wọn, ẹ má sì kọ ìtàn bí ẹ ṣe pẹ́ débi iṣẹ́. Akọ̀wé tó ń ka lẹ́tà yín kò ní àpótí tí yóò fi ìyẹn sí. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí ẹ dúró de ìwé àyẹ̀wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé ọdún 6 pọ̀ tó.

Ìwé tó dé ọwọ́ wọn ní nọ́ńbà ìbéèrè. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ kò rí nọ́ńbà kankan, ẹ pè wọ́n.

Ìpele 7: Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ gbé lẹ́tà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ọjọ́ tí ẹ fà. Bí wọ́n bá kàn dárúkọ abala 58 láìso ìwé àyẹ̀wò mọ́ ọn, ẹ dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rí àlàfo, kí ẹ sì ní kí wọ́n dáhùn àlàfo náà gan-an. Ẹ má lọ fi wọ́n sùn Ombudsman, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù, lórí èyí. Kì í sábà dá irú ọ̀rọ̀ tí kóòtù lè dá.

Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà ìkẹyìn pé ẹ ó lọ sí kóòtù bí wọn kò bá san láàárín ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè pe ẹjọ́ lórí GOV.UK láìgba agbẹjọ́rò. Ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ sábà máa ń lọ sí ọ̀nà ẹjọ́ kékeré, níbi tí ẹni tó pàdánù kì í sábà san owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Iye tí ẹ ń bèèrè ló ń sọ iye owó kóòtù, ẹ lè fi kún ohun tí ẹ ń bèèrè, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó sì lè tọrọ ìdẹ̀rùn. Síbẹ̀, fún táyà £90 kan, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ bí àlàfo tó rí kò bá hàn gbangba.

Bí wọ́n bá gbà láti san, ẹ farabalẹ̀ ka ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí. Ó sábà máa ń sọ pé owó náà ti kádìí gbogbo ọ̀rọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé bí irin ìdarí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní oṣù tó ń bọ̀, tiyín ni. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ó wò ó bóyá táyà ṣì dúró tọ́ àti bóyá ọkọ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì so rìsíìtì àyẹ̀wò náà mọ́ ìyókù.